Okùn ìsopọ̀ fún PROTAC: mẹ́rin wo ni kí a kọ́kọ́ rà, báwo ni a sì ṣe ń so wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. PROTAC, mólékù olórí méjì tó ń fa purotéènì kan mọ́ ètò ìgékúrò inú sẹ́ẹ̀lì, ni a ń kọ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè gé purotéènì BRD4 wẹ́wẹ́. Orí kan jẹ́ JQ1 acid, òun ló ń di BRD4 mú. Orí kejì jẹ́ pomalidomide, òun ló ń di cereblon mú, èyí tí a ń pè ní CRBN, purotéènì tó ń fi àmì sí ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò gé. Ohun tó wà láàárín wọn ló ń dà wá láàmú. Okùn ìsopọ̀ tí wọ́n ń tà pọ̀ bí eṣú, owó tó wà nílẹ̀ kò sì ra ju mẹ́rin lọ.

Mẹ́rin wo ni kí a rà? Ọ̀nà wo ló dájú jù láti so wọ́n, pẹ̀lú ìwọ̀n? Ìbéèrè kẹta rèé: èyí tí a fi PEG2 (okùn kábọ̀n méjì-méjì tí ọ́síjìn wà láàárín wọn) so ti wà nílẹ̀. Lórí Western blot (jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo iye purotéènì), BRD4 lọ sílẹ̀ dáadáa ní 100 nM àti 1 µM, àmọ́ ní 10 µM ó tún gòkè padà. LC-MS rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ya mólékù sọ́tọ̀, tó sì ń wọn ìwúwo wọn) sì ní ṣóńṣó méjì, 787.2 àti 805.2. Ṣé okùn náà ni kò dára?

Baba_Ubiquitin

Ẹ kú àbọ̀. Ìbéèrè kẹta ni màá mú ṣáájú, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn da mólékù tó dára nù.

Pé BRD4 gòkè padà ní 10 µM kò sọ pé okùn yín burú. Iṣẹ́ PROTAC dà bíi ti alárenà: ó gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ọkọ àti ọwọ́ ìyàwó mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí alárenà bá pọ̀ jù lójúde, ọ̀kan á di ọkọ mú, òmíràn á di ìyàwó mú, àwọn méjèèjì kò sì ní rí ara wọn. Hook effect ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ó túbọ̀ fi hàn pé mólékù yín ń so purotéènì méjì pọ̀ lóòótọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n láti 1 nM dé 10 µM, kí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ṣáájú. Bí ẹ bá fò láti 100 nM sí 1 µM sí 10 µM, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ fo ibi tó dára jù kọjá.

Ní ti yíyan okùn, ẹ má rò ó bí okùn tí a fi di ẹrù. MZ1 tí wọ́n gbé jáde ní yunifásítì Dundee ní 2015 jẹ́ JQ1, PEG3 àti orí tó ń di VHL mú, purotéènì tó ń ṣe irú iṣẹ́ CRBN. Nígbà tí àwòrán kírísítálì rẹ̀ jáde ní 2017, a rí i pé okùn náà kò nà tàntàn rárá. Ó ká kò, BRD4 àti VHL sì fara kan ara wọn. Ìfarakanra yẹn ló mú kí MZ1 di BD2 (apá kan lára BRD4) mú le ní ìlọ́po bíi 18 nígbà tí VHL bá wà níbẹ̀. JQ1 nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀yàtọ̀ láàárín BRD2, BRD3 àti BRD4, ṣùgbọ́n MZ1 ń mú BRD4 lọ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Okùn ló ń pinnu bí purotéènì méjì yóò ṣe dojú kọ ara wọn, kì í kàn án ṣe bí wọ́n ṣe jìnnà tó.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà nínú iṣẹ́ tí Pfizer gbé jáde ní 2018 lórí PROTAC tó so BTK, purotéènì mìíràn, pọ̀ mọ́ CRBN. Níbẹ̀, okùn kúkúrú ń mú kí purotéènì méjèèjì kọlu ara wọn, kò sí àyè. Bí okùn ṣe ń gùn ni ìkọlù náà ń tán. Nítorí náà, ohun tó bá BRD4 mu lè má bá purotéènì mìíràn mu rárá. Ẹ̀yin ní àǹfààní pé BRD4 kì í le koko: nínú àwọn PROTAC tó ń gé e, dBET1 ti 2015 lo kábọ̀n 4, dBET6 lo kábọ̀n 8, ARV-825 lo PEG, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́.

Ìdáná_Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n gba mẹ́rin náà sọ. Ẹ ra diamine (okùn tó ní náítrójìn lórí méjèèjì) tí ọwọ́ kan rẹ̀ wà lábẹ́ Boc, ìbòrí tí a lè yọ, kí ọ̀nà kan ṣoṣo lè so gbogbo wọn:

Boc-1,4-butanediamine, ìwúwo 188.27. Boc-1,8-octanediamine, 244.37. Boc-PEG2-amine, 248.32. Boc-PEG4-amine, 336.43.

Ẹ ka átọ́mù tó wà láàárín náítrójìn méjèèjì: 4, 8, 8, 14. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni 8 méjèèjì. Octane àti PEG2 gùn bákan náà. Ọ́síjìn méjì nìkan ló yà wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, ẹ ti mọ̀ pé gígùn kọ́ ló fà á: ó lè jẹ́ bó ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀lì, tàbí bó ṣe ń ká ara rẹ̀ kò. Àwọn tó ń ra PEG2, PEG3, PEG4, PEG5 nìkan kì í lè ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀, owó á sì ti tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ẹ ṣọ́ orúkọ o. Olùtajà kan á ka ọ́síjìn, òmíràn á ka ẹyọ kábọ̀n méjì-méjì, ohun kan náà á wá di PEG2 níhìn-ín, PEG3 lọ́hùn-ún. Ìwúwo ni kí ẹ fi rà á.

Bí a ṣe ń so ó nìyí, PEG2 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àkọ́kọ́, 4-fluorothalidomide (ohun tí orí pomalidomide ti ń jáde) 276 mg, Boc-PEG2-amine 273 mg, DIPEA (bésì) 350 µL, nínú DMSO 5 mL. Ẹ fi náítrójìn lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ máa rò ó ní dígírì 90 fún wákàtí 12 sí 16. Ó máa di àwọ̀ òféfèé tó dúdú díẹ̀, bí ẹ bá sì tan iná 365 nm sí i, á máa tàn bí ewé. Bó bá tutù, ẹ dà á sínú omi 50 mL, ẹ fi ethyl acetate 30 mL fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi omi iyọ̀ fọ ethyl acetate náà lẹ́ẹ̀mẹta kí DMSO lè jáde. Kọ́lọ́ọ̀mù silica, hexane àti ethyl acetate ìdajì-ìdajì, títí dé ethyl acetate nìkan. Ìwúwo ohun tó jáde, 504.5. Bí ẹ bá rí ìdajì ohun tó yẹ, iṣẹ́ yín dára, torí amine kan náà tó ń lé fluorine jáde lè ṣí òrùka imide pẹ̀lú. Ẹ má gbé iná sókè sí 120 nítorí kí ó yá. Ohun tó ń bàjẹ́ á pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ.

Ìkejì, ẹ yọ Boc. Fún 100 mg, TFA (ásíìdì) 1 mL àti DCM (ohun ìyọ́) 3 mL, wákàtí kan láìsí iná. Ẹ fà á gbẹ, ẹ tún da DCM sí i kí ẹ fà á gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ TFA. Ẹ má fi sodium bicarbonate tàbí sodium hydroxide fọ̀ ọ́ pé ẹ fẹ́ dá amine náà sílẹ̀.

Ìkẹta, JQ1 acid 40 mg, HATU (ohun tó ń mú kí acid lè so mọ́ amine) 42 mg, DIPEA 70 µL, DMF 1 mL. Lẹ́yìn ìyẹn, iyọ̀ TFA ti ìkejì 57 mg. Wákàtí kan sí méjì, ó ti parí. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 787.3. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde, ó yẹ kí ẹ rí 79 mg.

Omi_Tútù

Ọ̀gá Ìdáná ti ṣàlàyé dáadáa, mo kàn fẹ́ fi ohun mẹ́ta kún un níbi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní kí a fi DMF ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. DMF tó ti pẹ́ nínú ìgò máa ń ní dimethylamine nínú, ìyẹn náà jẹ́ amine, ó sì kéré, ó yára. Á gba ipò fluorine kí okùn yín tó dé. Bí ẹ bá rí 302.1 lórí LC-MS, òun nìyẹn. DMSO tàbí NMP ni kí ẹ lò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí.

Èkejì ni ètò ìgbésẹ̀ kẹta. JQ1 acid, HATU àti DIPEA ni kí ó kọ́kọ́ wà papọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí amine tó wọlé. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí HATU bá fi púpọ̀ pọ̀ ju acid lọ, HATU á mú amine náà fúnra rẹ̀, á sì di guanidine. Ìwúwo á fi 98 lé sí i: amine tó yẹ kó wà ní 405.2 á hàn ní 503.3. Kò sí ọ̀nà àtúnṣe fún ìyẹn.

Ẹ̀kẹta, TFA tó kù sínú iyọ̀ yín. Ó ń jẹ DIPEA, ìdàpọ̀ á wá dúró lójú kan bí ẹni pé acid ni kò dára. HATU tún lè gbé TFA lé amine lórí, ẹ óò rí 501.2. Ẹ fi ìwé pH kékeré kan ìkán kan nínú ìdàpọ̀ náà kí ẹ tó fi amine sí i, àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tó 8, ẹ fi DIPEA díẹ̀ kún un.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òògùn

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i. 805.2 náà ńkọ́? A kò ní prep HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya mólékù mímọ́ sọ́tọ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù silica ni a lò, DCM pẹ̀lú methanol tó ní ammonia nínú, nítorí ó ń fà gùn lórí silica. Lẹ́yìn náà a fi rotavap (ẹ̀rọ tó ń fa ohun ìyọ́ jáde) gbẹ ẹ́ ní dígírì 60.

Omi_Tútù

Ammonia ló ṣe é. Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn: 805.2 yọ 787.2, ó ku 18. Omi kan ti wọlé, òrùka imide kan ti ṣí. Orí pomalidomide ní òrùka méjì tó lè ṣí bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ń fara da ohun tó ń korò bí eérú. Èyí tó ti ṣí kì í di CRBN mú mọ́, àmọ́ orí JQ1 rẹ̀ ṣì ń di BRD4 mú. Nítorí náà, ó ń bá mólékù gidi du àyè lórí BRD4 láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí 805 bá jẹ́ ìdá mẹ́ta ohun tó wà nínú ìgò yín, ìwọ̀n nM tí ẹ kọ sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Láìsí prep HPLC: silica tútù, DCM pẹ̀lú methanol láti 0 dé 8 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí ammonia, láìsí triethylamine. Bí ó bá ń fà gùn, ẹ fi formic acid 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Kí kọ́lọ́ọ̀mù náà má gùn, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá rí prep HPLC yá, acetonitrile àti omi pẹ̀lú formic acid 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kí ẹ sì dì í bí yìnyín kí ẹ fà á gbẹ (lyophilize) dípò rotavap gbígbóná. Ohun tó bá kéré sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún lórí LC-MS, ẹ má gbé e lọ bá sẹ́ẹ̀lì.

Wíwọ̀n_Ló_Dájú

Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọ̀rọ̀ sí i kí ẹ tó dá okùn lẹ́bi.

BRD4 tóbi. Ọ̀wọ́ rẹ̀ tó gùn ní amino acid 1362, ó sì máa ń dúró lókè, nítòsí 200 kDa, lórí jẹ́ẹ̀lì. Jẹ́ẹ̀lì tó nípọn kì í jẹ́ kí ó jáde, transfer kíákíá kì í sì gbé e dé orí membrane. Ẹni tó bá lo jẹ́ẹ̀lì 12 nínú ọgọ́rùn-ún lè rò pé BRD4 ti parẹ́ nígbà tí kò tilẹ̀ gbéra. Ẹ lo gradient 4 sí 12 tàbí èyí tó fúyẹ́, kí ẹ fi wet transfer ṣe é fún àkókò tó gùn. Vinculin dára fún ìfiwéra ju GAPDH lọ, torí ó tóbi díẹ̀, á sì fi hàn bí transfer bá kùnà.

Àkókò: wákàtí 4 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo 24. Tí ẹ bá fò lọ sí 24, sẹ́ẹ̀lì á ti ń kú, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá PROTAC ló mú purotéènì lọ tàbí ikú ló mú un lọ. DMSO kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì dọ́gba nínú gbogbo kòtò.

Àwọn ẹlẹ́rìí tí mo ń béèrè kí n tó gbà pé PROTAC ló ṣiṣẹ́: JQ1 nìkan, PROTAC pẹ̀lú pomalidomide 10 µM tó kún CRBN ṣáájú, PROTAC lẹ́yìn MLN4924 1 µM (ó ń dí iṣẹ́ CRBN lọ́wọ́) fún wákàtí kan, PROTAC lẹ́yìn MG132 10 µM (ó ń dá ẹ̀rọ ìgékúrò sẹ́ẹ̀lì dúró). Bí BRD4 bá padà nínú mẹ́ta ìkẹyìn, ó dájú. MG132 ń pa sẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí 6. Ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ ni PROTAC kan náà tí methyl wà lórí náítrójìn glutarimide rẹ̀. Okùn kan náà ni, ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ kì í di CRBN mú. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ni, bí 4-fluorothalidomide tí methyl ti wà lórí rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀.

Ẹ tún wo IKZF1 àti GSPT1, purotéènì mìíràn tí orí pomalidomide lè mú kí wọ́n gé. Orí pomalidomide ní ìwà tirẹ̀, okùn tí ẹ so mọ́ ọn sì lè mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí gé GSPT1. Bí GSPT1 bá lọ, sẹ́ẹ̀lì ò lè parí purotéènì tuntun dáadáa mọ́, gbogbo purotéènì tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú bíi MYC á lọ sílẹ̀. Ẹ óò wá máa yọ̀ pé BRD4 ló mú MYC lọ.

Ọ̀nà_Tààrà

Mi ò bá ọ̀gá Ìdáná jà, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ṣì ń fi owó ra PEG ní àkókò yìí? ARV-110 àti ARV-471, àwọn PROTAC méjì tó kọ́kọ́ dé ara ènìyàn ní 2019, piperidine àti piperazine, òrùka tó le, ló wà láàárín wọn. PEG ń rọ̀ jù, enzyme inú ẹ̀dọ̀ sì ń gé e ní ẹ̀gbẹ́ ọ́síjìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le.

Baba_Ubiquitin

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa òògùn tí a óò gbé mì. Àmọ́ ibi tí wọ́n wà yàtọ̀. Okùn tó le dà bí ilẹ̀kùn tí a ti kàn mọ́ férémù: bí igun rẹ̀ bá tọ́, ó dára ju gbogbo èyí tó rọ̀ lọ. Bí kò bá tọ́, kò ní ṣiṣẹ́ rárá, kò sì ní sọ ìdí fún yín. Èyí tó rọ̀ á kọ́kọ́ fi hàn yín pé BRD4 àti CRBN lè pàdé, àti bí àyè wọn ṣe tó. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi piperazine tàbí alkyne rọ́pò apá kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní owó okùn ogún lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le. Ẹni tó ní owó mẹ́rin, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn 4, 8, 8, 14.

Ìdáná_Láàbù

Mo gbà pẹ̀lú Baba. Fún ìgbà kejì, ẹ fi Boc-piperazine sórí 5-fluorothalidomide ní ọ̀nà ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Láti ipò 5, okùn ń jáde lọ tààrà. Láti ipò 4, ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Ipò tí okùn ti jáde ṣe pàtàkì tó gígùn rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbàgbé rẹ̀.

Yọ Boc, kí ẹ so ó mọ́ aldehyde pẹ̀lú sodium triacetoxyborohydride: aldehyde àti amine dọ́gba, borohydride ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì, DCM, acetic acid ìkán kan. Ẹ jẹ́ kí aldehyde àti amine wà papọ̀ fún ìdajì wákàtí kí borohydride tó wọlé. Níbi tó ti ń kùnà: amine tó ṣì jẹ́ iyọ̀ TFA kì í mú aldehyde. Sodium acetate ni kí ẹ fi sí i, ó tó láti dá amine sílẹ̀, kò sì le tó láti ṣí òrùka.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òògùn

Bí òrùka CRBN ṣe ń ṣí yìí, ṣé kò ní dára kí a fi VHL ṣe orí kejì?

Omi_Tútù

VHL kò ní imide, nítorí náà ìyọnu yẹn kò sí. Amine rẹ̀ tí wọ́n ń tà, ìwúwo 430.6, ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ tert-leucine, nítorí náà okùn yín gbọ́dọ̀ ní acid lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Diamine tí ẹ ti rà kò ní bá a mu bó ṣe wà. Ọ̀nà àbájáde mìíràn wà: AT1, PROTAC kan tó bá MZ1 jọ, gba sulphur ní ibi tert-butyl jáde. Hydroxyl orí hydroxyproline gbọ́dọ̀ dúró ní trans. Èyí tó wà ní cis ni ẹlẹ́rìí òdì yín, gẹ́gẹ́ bí methyl ṣe jẹ́ fún CRBN. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó tóbi, háídrójìn tó ń fún ni pọ̀ lára rẹ̀, ó sì ṣòro kó gba inú ìfun wọlé. Fún sẹ́ẹ̀lì inú abọ́, ìyẹn kì í dá nǹkan dúró.

Ẹ parí mẹ́rin ti CRBN ná. Ẹ fi lulú pamọ́ sí ibi tó gbẹ ní −20, kúrò lójú ìmọ́lẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, lulú ń fara dà á ju èyí tó ti wà nínú DMSO lọ, torí DMSO ń fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ìgò móoru tó inú yàrá kí ẹ tó ṣí i, kí ìrì má bàa wọlé. 7.87 mg nínú DMSO gbígbẹ 1 mL ni 10 mM. Ẹ pín in sí 20 µL, kí ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan. Kí ẹ sì tún LC-MS rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tuntun: ṣóńṣó 805 ni kí ojú yín kọ́kọ́ wá.